Ìbọ̀wọ́ Ṣúlán

Ní ìrọ̀lẹ́, Mẹ́ílín wọ ìbọ̀wọ́ tó mọ orin, ó sì gbé gòjé olókùn méjì àwọn ará Ṣáínà lé itan. Ìbọ̀wọ́ náà ń darí ìka rẹ̀. Orin tí Ṣúlán ìyá rẹ̀ fi ìbọ̀wọ́ náà dá ta nígbà ọ̀dọ́, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì gbà sílẹ̀, ń jáde láìṣì níbì kan.

"Ó tó," ni ìyá wí lórí ibùsùn àìsàn. "Ọwọ́ tèmi nìyẹn. Jẹ́ kí n gbọ́ tìrẹ kí n tó lọ."

Mẹ́ílín bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta orin náà. Gòjé han bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ fẹ́ kọ́ mi nígbà yẹn, èmi ni mo ní ìbọ̀wọ́ ti tó."

Ìyá pa ojú dé, ó ń fetí sílẹ̀. "Má dákẹ́, ọmọ mi."

Mẹ́ílín ń ta á lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀.