Ilẹ̀kùn Opó

Ní ọdún tí àwọn bíríkìlà ń wọ́ lọ kọ́ Abuja, Jàbárù ará Ògbómọ̀ṣọ́ gba yàrá kan nílé Àlímátù ní Orozo. Obìnrin kan tẹ̀ lé e wá, ó faṣọ borí, ojú rẹ̀ wú.

"Mùlíkàt nìyí, Ìyá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó sì ń ṣe opó lọ́wọ́. Ìbànújẹ́ fẹ́ yí i lórí, ni mo fi ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn bí mo bá lọ síbi iṣẹ́."

Àánú ṣe Àlímátù. Opó lòun náà. Ó béèrè orúkọ olóògbé kó lè ṣàdúà fún un. Jàbárù kọ́kọ́ wo ìta.

"Yínúsà," ó ní.

Láràárọ̀, bí Jàbárù bá ti gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ, Àlímátù á gbé ẹ̀kọ gbígbóná gba ojú fèrèsé fún Mùlíkàt.

"Ìyá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọkọ mi ò kú. Alaalẹ́ ló ń wọlé wá bá mi."

Omi bọ́ lójú Àlímátù. Òun náà rí ọkọ tirẹ̀ lójú oorun títí ó fi sú u. "Gba kádàrá, ọmọ mi. Ẹni tó lọ ti lọ."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ilẹ̀kùn kò tì dáadáa. Mùlíkàt sá jáde láìborí, ó dorí kọ títì. Àlímátù sáré bá a. Opó lójú títì! Kí làwọn èèyàn máa wí?

Mùlíkàt dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá bàbá mi."

"Èmi fúnra mi ni n ó ránṣẹ́ pè é."

Ó mú un padà wọlé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti àgádágodo. Ó dùn ún wọra. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí Mùlíkàt júwe ilé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì rán awakọ̀ kan sí i. Àtìgbà yẹn, Mùlíkàt kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ògiri ló ń wò. Àlímátù dúpẹ́ pé ó ti gba kádàrá.

Bàbá náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àlímátù kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú àràfẹ́rakù ọkọ ọmọ yín."

Bàbá náà bojú wẹ̀yìn, níbi tí Jàbárù ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì léjìká, ó ní, "Ta ló kú? Ṣebí ọkọ ọmọ mi ló ń bọ̀ yìí."