Awọ Tí Kò Bó

Irin ni wọ́n ní kí Dókítà Olúgbádé wá wò, irin náà ló sì ní òun wá wò nígbà tó dé mọ́ṣúárì n'Ifọ̀. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ yunifásítì tó ti ń kọ́ni, ó gbé àpò rẹ̀ lé tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú òkú níbẹ̀. "Lásúnkànmí, àbúrò bàbá ọmọ tí wọ́n ń wá, wá lánàá, kò dá òkú mọ̀. Ó ní Sẹ̀gilọlá ní irin nínú itan, pé dókítà kan ní yunifásítì yín ló ṣe é. La bá ránṣẹ́ síbẹ̀."

"Èmi ni mo bo irin náà láwọ."

Ọkọ̀ elépo ló gbiná ní Ibafo, tó jó bọ́ọ̀sì kan tèròtèrò. Bó bá jẹ́ irin Olúgbádé ló wà níbẹ̀, Sẹ̀gilọlá ti kú nìyẹn. Bí kì í bá ṣe òun, ó lè wà ní ọsibítù ibòmíràn, kó má lè dárúkọ ara rẹ̀. Látàárọ̀ ni Olúgbádé ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ irin ẹlòmíràn. Àdúrà ìkà ni, torí irin ẹlòmíràn, ọmọ ẹlòmíràn ni.

Iṣẹ́ awọ irin ló ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Irin tí wọ́n bá fi sínú egungun láìfi awọ bò ó, omi iyọ̀ inú ara á máa jẹ ẹ́, ara á sì kọ̀ ọ́. Ó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé àlejò ni irin, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń kí onílé. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá já bọ́ lórí ọ̀kadà tí itan rẹ̀ ṣẹ́, irin tó bò láwọ fúnra rẹ̀ ló bẹ oníṣẹ́ abẹ pé kó fi sí i. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ lára.

"Bàbá kan wá láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ rí ọmọ tiẹ̀," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí. "Mo dá a padà. Èèwọ̀ ni."

"Ẹ ṣe é dáadáa."

"Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Dókítà." Ó ká aṣọ náà dé itan nìkan.

Olúgbádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná ti pa irin náà láró, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kò bó. Egungun ti dì mọ́ ọn pinpin. Ihò skúrù kan ṣófo nísàlẹ̀, torí egungun ọmọ náà ṣì kéré nígbà yẹn. Èsì tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ rèé, onílé ti gba àlejò, ọkàn Olúgbádé sì gbọgbẹ́.

"Ṣé òun ni?"

"Òun ni. Ẹ bá mi ká aṣọ yẹn sí i."

"Irin ò sí níbẹ̀ mọ́, Dókítà."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi ká a."

Bùrẹ́ímọ̀ ká a. Olúgbádé fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó pẹ́ kó tó mú ọwọ́ kúrò. Fóònù ń dún nínú àpò rẹ̀, kò gbé e.

Nígbà tó dé ilé ní Mowe, ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó gbóòórùn mọ́ṣúárì lára aṣọ rẹ̀, ó sì di ara ògiri mú, ó ní, "Bàbá Sẹ̀gilọlá, ṣebí ẹbí ti ní ẹ̀yin ò gbọdọ̀ débẹ̀?"