Omi Ààwẹ̀ Díákónì

Ẹ̀yin náà á ti fura pé ẹni tó ń kéde ààwẹ̀ rẹ̀ kiri kò gbà á fún Ọlọ́run nìkan. Díákónì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ́ gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Bí mo bá kú, ọ̀run ò lè tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Ogún ọdún, gbogbo ọjọ́ Ẹtì, omi lásán, tí Olúwa fúnra rẹ̀ ń mú dùn lẹ́nu mi!"

"Ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, Díákónì," ni pásítọ̀ tó wá gbàdúrà fún un wí. "Jésù ti ṣe é tán."

"Ti ọ̀lẹ nìyẹn! Ìyá wọn, jẹ́rìí sí i."

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Ọgbẹ́ inú yín ló bà mí lẹ́rù, ni mo fi ń po gúlúkóòsì sí omi yín."

"Háà! O dalẹ̀ mi! Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Mi ò pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ rí, Bàbá."