Kamaldeen Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹ̀jẹ̀ Aláboyún

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kàwé, ẹ má sáré fo èyí. Ẹ kà á tán pátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Kamaldeen àti Gbémisọ́lá jọ ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń pa aláboyún. Ní Bàrígà wa níbí, èèyàn kì í dédé na apá fún ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ dání. "Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe?" ni wọ́n ń bi wọ́n ní gbogbo ojúlé. Àfìgbà tí Alhaja Tàwàkálítù, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Abúlé Òkúta, bọ́ síwájú wọn. Àìsàn yẹn ló pa Mojíbọ́lá ọmọ rẹ̀ tòun ti oyún nínú. Alhaja ń kan ilẹ̀kùn kiri, ó ń pariwo pé, "Èmi ni mo dúró fún wọn. Ẹ na apá yín jàre!" Ni àwọn aláboyún bá ń na apá.

2.
Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ náà sínú fírísà ní ilé àyẹ̀wò kan ní Palmgrove. Kò pẹ́, àmì-ẹ̀yẹ kan jáde fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwádìí ìlera. Kamaldeen kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan ránṣẹ́.

Gbémisọ́lá ní, "Kamal, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ? Ṣebí ìgò lo kàn ń bá mi gbé."

Ẹ gbọ́ ẹnu!

Àwọn tó ni àmì-ẹ̀yẹ ní kó wá rí àwọn ní Àbújá. Wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan wá tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò kí àwọn tó fi dá a lọ́lá. Kamaldeen pààrọ̀ àgádágodo yàrá tí fírísà wà, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó lọ.

3.
Iná lọ. Ẹ̀yin náà mọ iná wa. Jẹnẹrétọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n inú yàrá tó tì pa yẹn ni wọ́n ti ń yí iná sí i. Gbémisọ́lá pè é lórí fóònù.

"Kamal, iná ti lọ láti àná! Jẹ́ kí n pe wẹ́dà kó já ilẹ̀kùn."

"Mo mọ ète rẹ. O fẹ́ wọlé lọ ya fọ́tò, kó o lè sọ pé iṣẹ́ tìẹ náà ni."

"Ẹ̀jẹ̀ aláboyún ló ń bàjẹ́ yẹn o! Wọ́n ti ń bímọ, a ò lè rí irú ẹ̀ gbà lára wọn mọ́!"

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi, ọlọ́pàá ni màá pè."

Ó gé fóònù. Mẹ́gàdì tó ń ṣọ́ ilé àyẹ̀wò náà ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Kamaldeen, kò jẹ́ kí ọmọbìnrin náà sún mọ́ ibẹ̀.

4.
Kamaldeen dé tòun ti ẹni tó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ṣílẹ̀kùn. Òórùn kọlù wọ́n. Ẹni náà bomú, ó pa báàgì rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíì ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ.

Kamaldeen sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja.

"Ìyá mi, ẹ bá mi bẹ àwọn aláboyún tuntun. Tó bá ti kọjá ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí mi á ti ju èyí tí wọ́n ń gbà fún àmì-ẹ̀yẹ náà lọ."

"Ọjọ́ orí lò ń sọ? Ti Mojíbọ́lá ti dúró."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni mi ò ní fún ọ! Ṣé torí kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún ọ la ṣe na apá? Dìde níbẹ̀, má dí mi lọ́nà."

Ó fa Gbémisọ́lá lọ́wọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé àkọ́kọ́. Àwọn aláboyún tuntun ń jáde wá. Kamaldeen dúró lójú títì, ó ń wò wọ́n. Kò sí ẹnì kan tó na apá sí i.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ tí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ará àdúgbò ṣe, ẹ má pè é ní tiyín nìkan. A ò ní gbà! Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ wá, ẹ bi í pé, "Ìwọ àti ta ni?" Tó bá ní òun nìkan ni, ẹ ká apá yín kò, kó máa lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.