Ẹyẹ Orí Asà

Ẹ ti fura náà: kì í ṣe Ọ̀gá Ọnà ló gbẹ́ ẹyẹ tó wà lára asà àwọn ọmọ ogun ike tó fi ń ṣeré orí tábìlì.

Ó tẹ amọ̀ mọ́ òrùka ẹlẹ́yẹ kan, ó jẹ́ kó le. Ojú àpá yẹn ló ń ki amọ̀ mìíràn sí, tó ń yọ ẹyẹ jáde bí ẹni ń yọ búrẹ́dì nínú agolo.

Lónìí, níbi ìdíje àwọn tó ń ṣe ọmọ ogun ike lọ́ṣọ̀ọ́, ó na ọrùn bí àgùfọn.

"Abẹ́rẹ́ lásán ni mo fi gbẹ́ ẹ, mà. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni."

Obìnrin adájọ́ gbé asà kan súnmọ́ ojú.

"Bàbá mi ló rọ òrùka tó ní ẹyẹ yìí fún ìyá mi. Kò rọ méjì."

"Háà! Ṣé màmá yín nìyẹn? Àwọn ló yá mi, mà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi bọ́ ọ lọ́wọ́."

"Níbo lo ti rí wọn?"

"Níbi iṣẹ́ mi, mà."

"Iṣẹ́ wo?"

Ọ̀gá Ọnà bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sínú àpò.

Ilé ìgbókùúsí ló ti ń fọ òkú.