Kápúsù Neda

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Neda. Kí ọdún tó parí, ó ti ń ṣẹ́jú léraléra, ó ń fọwọ́ títí ọwọ́ fi ń bó, bí ó bá sì rí ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí, á figbe bọnu. Dókítà Hristova ní Plovdiv là á yé àwọn òbí rẹ̀: kòkòrò kan wọ ọmọ náà lọ́fun, ara rẹ̀ dìde láti bá a jà, ó wá kọjú ìjà sí ọpọlọ ọmọ náà fúnra rẹ̀.

“Bí kòkòrò yẹn bá ń padà wá, ó lè má sàn mọ́,” ni dókítà wí.

Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ọ̀fun ti ba ìfun Neda jẹ́, ó sì nílò kòkòrò rere tí yóò tún un ṣe. Radostina, ìyá rẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kòkòrò rere ní ilé oògùn. Èyí tó bá ti ní ohunkóhun tó bá kòkòrò ọ̀fun tan, ó dá a padà.

“Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè pa á lára,” dókítà sọ fún un.

“Mọ̀lẹ́bí ọ̀tá, ọ̀tá náà ni,” ni Radostina fèsì.

Kápúsù funfun kan ló wá mú. Neda ò lè gbé e mì, a kò sì lè mú ọ̀bẹ jáde níṣojú rẹ̀. Nítorí náà, láràárọ̀, Radostina á fi eyín já orí kápúsù, á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ṣíbí omi, á sì fi í sí ọmọ lẹ́nu.

Màmá Tsvetana, ìyá ọkọ rẹ̀, ti abúlé wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan Radostina bá a ní ilé ìdáná, ó ti ọmọ ìka bọ wàrà gbígbóná, ó ń kà.

“Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?”

“Wàrà kíkan ni mo fẹ́ ṣe. Bí ọmọ ìka bá lè fara dà á títí mo fi ka ẹẹ́ta, ó ti tutù tó nìyẹn.”

“Ìka yín! Nínú oúnjẹ ọmọ mi!”

“Mo ti fọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ìka tó tọ́ ọkọ ẹ dàgbà nìyí.”

“Ẹ wá fẹ́ fi pa ọmọ rẹ̀?”

Plamen, ọkọ Radostina, jókòó nídìí tábìlì, ó ń wo búrẹ́dì iwájú rẹ̀. Màmá tún ìka náà fọ̀, ó nù ún, ó lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Neda di ẹ̀wù òtútù Màmá mú títí wọ́n fi tú u níka. Radostina da wàrà nù, ó sì fọ́ ìkòkò.

Ní oṣù kẹta tí Neda ti ń lo kápúsù, àìsàn náà le sí i. Neda ò jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ìyá rẹ̀. Radostina sọ kápúsù di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

“Ohun tí ìyá ẹ fi sí i lára ṣì ń jà,” ó sọ fún Plamen. “Èmi tí ń bẹ nídìí ẹ̀ tọ̀sántòru, ṣé o gbọ́ ikọ́ lẹ́nu mi?”

Dókítà ní kí gbogbo ẹni tó ti bá ọmọ náà gbélé wá, kí wọ́n fi òwú nu ọ̀fun wọn fún àyẹ̀wò. Màmá wọ bọ́ọ̀sì wá, ó la ẹnu fún wọn ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ó wá sí ẹnu ọ̀nà ilé Radostina.

“Jẹ́ n kí Neda láti ibí yìí, ọmọ mi.”

“Ẹ jẹ́ kí èsì dé ná, Màmá,” ni Radostina wí.

Ó padà sí ibùdókọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Neda ti la ẹnu, kápúsù sì ti wà láàárín eyín Radostina, nígbà tí dókítà pè láti sọ pé ọ̀fun Màmá mọ́, ti Plamen náà mọ́, inú ọ̀fun Radostina nìkan ni wọ́n ti bá kòkòrò náà.