Orí Fífọ́ Àárọ̀

"Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oògùn orí fífọ́," ni Ìyá Jésùlọlá wí, ó di kaúńtà mú kó má baà ṣubú. "Òòyì ń kọ́ mi láti ìgbà tí mo ti jí."

Apoògùn ti nawọ́ sí oògùn náà kó tó béèrè pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Orí ń fọ́ àwọn náà. Wọ́n ti tún sùn."

"Ṣé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ni?"

"Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò ni ò jẹ́ ká gbé e síta."

Apoògùn ju oògùn náà sílẹ̀. "Èéfín rẹ̀ ló ń pa yín! Ẹ jẹ́ ká sáré!"

Ilé náà ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù náà ní títì Àgbowó. Apoògùn di imú, ó pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì wọ́ àwọn ọmọ méjèèjì síta. Jésùlọlá bì, ó bú sẹ́kún. Àbúrò rẹ̀ náà lajú. Ìyá wọn kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Apoògùn bojú wẹ̀yìn. Yàrá márùn-ún mìíràn ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, gbogbo ilẹ̀kùn wọn ló ṣì wà ní títì.

"Àwọn ayálégbé yòókù ńkọ́?"

"Wọn ò tíì jí," ni ìyá náà wí, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.